Àtúnṣe: Kì í Ṣe Ìbọn Ńlá Nìkan Ló Ń Pa Tòlótòló Igbó

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣọdẹ tòlótòló igbó ní Amẹ́ríkà, pé ìbọn géèjì 12 (géèjì ni ìwọ̀n fífẹ̀ ẹnu ìbọn; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ẹnu náà ṣe ń fẹ̀ tó) tó ń gba kátíríìjì oní-íǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀ nìkan ló lè pa ẹyẹ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àti ọrùn tòlótòló ni ọdẹ ń fojú sùn, kì í ṣe àyà rẹ̀ tí ìyẹ́ bò. Nítorí náà, ohun tó ṣe kókó ni kí ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ba ibi kékeré yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Géèjì 20, tí ẹnu rẹ̀ kéré sí ti 12, ń ṣe èyí, pàápàá láti ìgbà tí ọta tungsten, irin kan tó wúwo ju òjé lọ, ti dé: bí òjé bá wọn gíráàmù 11, tungsten tí títóbi wọn dọ́gba máa ń wọn nǹkan bíi 18, ìdí nìyẹn tí hóró kékeré rẹ̀ fi ń wọlé ṣinṣin. (Owó rẹ̀ ló wọ́n.) Ìbọn ńlá, ní tirẹ̀, a máa gbá èjìká ẹni tí kò mọ́ lára débi tí yóò fi dijú kó tó yìn ín. Kí ọdẹ tuntun kọ́kọ́ yìnbọn sí bébà láti 40 yáàdì, kó rí bí ọta ṣe ń fọ́n ká.

Ọ̀rọ̀ kan náà tún sọ pé àwọ̀ aṣọ kò já mọ́ nǹkan kan. Tòlótòló ń rí àwọ̀ dáadáa. Èyí tó sì léwu jù ni pé pupa, funfun àti búlúù ni orí akọ rẹ̀ nígbà ìrúwé, ọdẹ mìíràn sì lè ṣi aṣọ aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ mú fún ẹyẹ.