Ẹ Fi Sátidé Wa Sílẹ̀ Fún Wa!

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Ẹ̀yin ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú tó ń ba Sátidé wa jẹ́ yìí kì í ṣe tuntun, àmọ́ ti òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ti kọjá ohun tí a lè gbé mì.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wálé. Ọ̀kan gba Ọ̀mù-Àrán wọ Ẹ̀gbẹ̀, èkejì bọ̀ láti Àbújá, ó gba Lọ́kọ́ja, ó gba Ọ̀bàjànà, ó gba Kàbà. Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí lásìkò yìí. Ìyá rẹ̀ ò lè jókòó títí tó fi wọlé, torí ta ni kò mọ ẹnì kan tí àwọn ajínigbé ti gbé rí ní Yàgbà wa níbí? A ní ká gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé, ká jẹ iyán, ká lọ wo Arsenal nírọ̀lẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé pápá iléèwé, àwọn olóṣèlú ti gbà á. Ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n ti wa bọ́ọ̀sì gba àárín pápá, táyà ti gbẹ́ kòtò síwájú gólì. Òpó gólì tí a dáwó ṣe, wọ́n fà á tu, wọ́n fi ti kánópì. A ò sọ nǹkan kan. A padà sílé.

Nírọ̀lẹ́, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kún fọ́fọ́. Màmá tó ni ín ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣáà mọ iye tí wọ́n ń ta jálá epo. Abala kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó jẹ gólì, la bá gbọ́ ìró ọ̀kadà. Wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àárọ̀ yẹn ni, wọ́n ti mutí yó, wọ́n ní àwọn ń wá àwọn tó ya pósítà àwọn. Pósítà! Ọ̀kan yọ àdá, ó fi gbá ara páànù, gbàù! Màmá sáré pa jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ṣókùnkùn, gbogbo wa gba ojú fèrèsé. Páànù ya ọ̀rẹ́ mi tó ti Àbújá wá ní itan, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọnú bàtà rẹ̀. Ọmọdé kan ń ké nínú òkùnkùn pé, “Bọ̀dá mi dà? Bọ̀dá mi dà?” kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àwọn yẹn ti lọ tán kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ o. Wọ́n ní kí màmá ti ilé ìwòran rẹ̀ pa títí ìlú fi máa rọlẹ̀, pé ìkórajọpọ̀ èèyàn ló ń fa wàhálà. Ìkórajọpọ̀ ta ni? Àwọn tó kóra jọ láàárọ̀, ṣebí ọlọ́pàá kan náà ló dúró tì wọ́n tó ń ṣọ́ wọn! Àwa tí a sanwó wọlé, tí ọmọ Chelsea àti ọmọ Arsenal jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí a ń bú ara wa lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbá ẹnikẹ́ni létí rí, àwa la wá di oníwàhálà.

Kí ló tiẹ̀ dé tó jẹ́ Sátidé ni gbogbo ìdìbò? Ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, Sátidé. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Sátidé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ parí tiwọn síbẹ̀, àwa tún dìbò gómìnà ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Chelsea àti Manchester City gbá 4-4, tí Cole Palmer ti Chelsea gbá pẹnáritì sáwọ̀n City tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á, nígbà tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ tán. Ilẹ̀kùn la tì mọ́rí, torí wọ́n ń kéde èsì ìbò ní Lọ́kọ́ja. Ní 2019 ńkọ́? A dìbò ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, wọ́n ní ti sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Kogí ò tíì parí, wọ́n tún dá wa padà síbẹ̀ ní ọjọ́ 30. Kí la rí gbà níbẹ̀? Láti 1991 tí wọ́n ti dá Kogí sílẹ̀, ọmọ Òkun kan ò tíì fi ìbò di gómìnà. Clarence Olafemi ti Mọ̀pà tó jókòó síbẹ̀ ní 2008, adelé ni, kò sì pé oṣù méjì. Ẹ̀yin ará mi, nítorí ta ni ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn nílé ìwòran wa?

2027 ló sì ń bọ̀ yìí, ìdìbò ààrẹ lọ́tọ̀, ti gómìnà lọ́tọ̀.

Kí wọ́n ṣí ilé ìwòran màmá yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹni tó kó àwọn ọmọ yẹn jáde san owó páànù, owó epo àti owó tí wọ́n fi rán itan ọ̀rẹ́ mi. Kí wọ́n dí kòtò pápá, kí wọ́n ri òpó gólì padà kó tó di Sátidé. Ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n lọ máa ṣe é ní pálọ̀ ilé wọn.