Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá Lórí Ayélujára

Lóṣù kejì ọdún 2007, abiyamọ kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọdún kan àti oṣù kan lọ, ń ti kẹ̀kẹ́ tí ọmọdé fi ń kọ́ ìrìn kiri, orin Prince, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, sì ń dún lábẹ́lẹ̀. Ìyá bi í pé kí ló rò nípa orin yẹn. Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, orúnkún ń tẹ̀, ìdí ń mì. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá 29 lọ. Ìyá fi í sórí YouTube kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di oṣù kẹfà, iléeṣẹ́ Universal tó ń bójú tó orin Prince kọ̀wé sí YouTube, YouTube sì yọ fídíò náà kúrò láìkọ́kọ́ bi ìyá ọmọ ní nǹkan kan.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin ló sọ YouTube di irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ dòní, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti wò ó kọ. Ohun tí à ń bèèrè fún kò le: ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn pé ó lo iṣẹ́ oníṣẹ́ lórí ayélujára gbọ́dọ̀ ráyè sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó yọ tirẹ̀ dànù, ẹni tó bá sì fẹ̀sùn èké kàn án, kó san nǹkan kan.

Ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin náà, DMCA ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnìkan bá gbé ohun olóhun sórí ojú òpó kan, ẹni tó ni ojú òpó náà ò ní jẹ̀bi, bó bá ṣáà ti yọ ọ́ kíákíá nígbà tí ìwé ẹ̀sùn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. A ò kóyán ààbò yìí kéré. Láìsí i, ta ni ì bá dá ojú òpó sílẹ̀ tí tàgbà tèwe lè máa gbé nǹkan sí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó fi ọ̀gá ojú òpó sí. Bó bá yọ fídíò tí kò yẹ kó yọ, kò sóhun tó máa ṣe é. Bó bá fi í sílẹ̀, tí wọ́n wá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó lè san owó gọbọi. Kò sẹ́ni tó máa torí ọmọ tó ń jó nílé ìdáná kó sí gbèsè. Yíyọ ni wọ́n á yọ ọ́.

Òótọ́ ni pé òfin náà fún ẹni tí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ láyè láti fèsì. Àmọ́ lẹ́yìn tó bá fèsì tán, ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14 ni yóò fi dúró kí iṣẹ́ rẹ̀ tó padà sójú òpó. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí ìbò tí wọ́n máa dì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ló fẹ́ fi fídíò ṣe nígbà tí wọ́n bá ti kéde ẹni tó wọlé? Ẹ tún wo ìbúra inú rẹ̀. Ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni ń búra pé òun láṣẹ láti ṣojú olóhun. Pé fídíò náà tàpá sófin, kò búra sí ìyẹn, ó kàn ní bó ṣe rí lójú òun nìyẹn. Ẹni tó ń fèsì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ búra pé òun gbà tọkàntọkàn pé àṣìṣe ni wọ́n fi yọ iṣẹ́ òun, kó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, kó sì gbà pé wọ́n lè pe òun lẹ́jọ́. Ẹni tó wọn èyí fún wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òṣùwọ̀n.

Ìyá ọmọ tó ń jó ò gbà. Ó pe Universal lẹ́jọ́. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé olóhun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú bóyá irú ìlò tí òfin gbà láàyè ni, kó tó kọ̀wé ẹ̀sùn. A pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà fi kún un pé bó bá ti gbà á lọ́kàn tòótọ́ pé ìlò náà ò bófin mu, kò sẹ́jọ́, bí èrò rẹ̀ tilẹ̀ lòdì. Ọdún 2018 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ọmọ ti pé ọdún 12 nígbà náà.

Àsìkò tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn tilẹ̀ sàn. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Content ID tí YouTube gbé dé lọ́dún 2007 ń gbọ́ gbogbo ohun tí ènìyàn bá gbé síbẹ̀, ó sì ń fi í wé ẹ̀dà tí àwọn olóhun ti kó sílẹ̀. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 2021 nìkan, ẹ̀sùn tó tinú rẹ̀ jáde lé ní mílíọ̀nù 722. Àwọn tó jiyàn ò pé ẹyọ kan nínú 100. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà ń fi èyí yangàn: ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rọ ò ṣìnà? Ẹ fara balẹ̀. Nínú àwọn tó jiyàn, bí ìdá 60 nínú 100 ló jàre. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù méjì ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò jiyàn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀rù ni. Bí àríyànjiyàn bá lọ títí tí olóhun fi kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò ọ̀hún, ìkìlọ̀ ni ẹni tó gbé e síbẹ̀ máa gbà, bí ìkìlọ̀ bá sì pé mẹ́ta, YouTube lè ti ìkànnì rẹ̀ pa pátá. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá kó iṣẹ́ jọ síbẹ̀ ò ní fi í ta tẹ́tẹ́ lórí fídíò kan.

Olórin kan ní Australia gbé ariwo sórí YouTube. Ariwo gidi là ń wí o, èyí tí rédíò máa ń ṣe nígbà tí kò bá mú ìkànnì kankan, ṣììììì, fún wákàtí 10 gbáko. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló fi ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ẹ̀sùn márùn-ún ti dé pé ariwo olóhun ló jí. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, NASA gúnlẹ̀ sórí Mars, ó gbé fídíò ara rẹ̀ síta, YouTube sì yọ ọ́ nítorí pé iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní tòun ni. Fídíò tí NASA ṣe, òfin Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, lórí rẹ̀.

Ti James Rhodes ló wá kọni lóminú jù. Atẹ dùùrù ni, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó jókòó sílé, ó tẹ orin Bach, ó gbé e sórí Facebook. Ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú àáyá 47 nínú rẹ̀ jẹ́ ti iléeṣẹ́ orin Sony. Bach ti kú láti ọdún 1750. Rhodes ṣàlàyé, wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ dànù. Ìgbà tó pariwo lórí Twitter, tó sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá àgbà Sony, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó rí ẹni bá a pariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ dùùrù, tí kì í ju èèyàn méjìlá lọ tó ń wo fídíò rẹ̀, ta ni yóò kọ̀wé sí?

A mọ ohun tí àwọn olórin àti àwọn tó ń ṣe fíìmù máa sọ, ẹ̀dùn ọkàn wọn ò sì jẹ́ àwàdà. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta ṣe fíìmù, tí wọ́n jí i síta lálẹ́ ọjọ́ tó jáde, kò ráyè dúró de ìjíròrò. Àwa tó ń tẹ ìwé ìròyìn gan-an, abẹ́ òfin kọ́píráìtì là ń jẹ sí, inú wa kì í sì í dùn bí a bá rí ìròyìn wa lódindi lójú òpó ẹlòmíì. Ká yọ odindi fíìmù kíákíá, a fara mọ́ ọn. Àríyànjiyàn ò sí lórí odindi. Orí ègé ló wà: ègé orin tó dún lẹ́yìn ọmọ, gbólóhùn tí alárìíwísí fà yọ kó lè tú u palẹ̀, àwòrán tí apanilẹ́rìn-ín fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ lè gbọ́ pé ohùn méjì jọra. Yẹ̀yẹ́ ò yé e.

Bí a bá fi olùfisùn nìkan ṣe adájọ́, nǹkan tuntun náà ò ní lè yọjú. Lọ́dún 1982, Jack Valenti, agbẹnusọ àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, jókòó níwájú àwọn aṣòfin, ó ní ohun tí apààyàn ìlú Boston jẹ́ sí obìnrin tó dá wà nílé ni ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀ jẹ́ sí àwọn. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ló gba ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1984. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì fíìmù di ohun tó ń pawó rẹpẹtẹ fún àwọn tó fẹ́ pa á. Ká ní ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo ti tó láti fi dí ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ láìsí ìgbẹ́jọ́, ṣé a ò mọ ibi tí ìtàn ì bá parí sí?

Yúróòpù tún ti fi tiwọn kún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn aṣòfin EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, fi ìbò 348 sí 274 gba òfin kan wọlé, tí abala 17 rẹ̀ sọ pé àwọn ojú òpó ńlá gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá wọn kí ohun olóhun má bàa gorí òpó wọn rárá. Ẹ̀rọ nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Google tó ni YouTube sì ti sọ pé òun ti ná ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lórí Content ID. Òfin náà dẹ ọwọ́ fún iléeṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò sì tó mílíọ̀nù 10 euro. Kí ló fẹ́ ṣe lọ́dún kẹrin? Bí wọ́n ṣe ń fi òfin na ọ̀gá ńlá, òfin náà ló ń bá a lé àwọn tó lè bá a díje lọ.

Síbẹ̀, inú Yúróòpù kan náà la ti rí ohun tó tọ́. Poland pe òfin yìí lẹ́jọ́, ó sì fìdí rẹmi lóṣù kẹrin ọdún 2022, àmọ́ ilé ẹjọ́ EU là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ tí kò lè fi ìlò tó bófin mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bófin mu kò tọ́ ní lílò. Jámánì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láti oṣù kẹjọ ọdún 2021. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ohun tí o mú kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, tàbí lẹ́tà 160, tí kò tó ìdajì iṣẹ́ náà, tí o sì pò ó mọ́ tìrẹ, a gbà pé o jàre títí ẹnìkan yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé o jẹ̀bi. Ohun tí o gbé síta ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi parí ẹjọ́. Bí olóhun tí wọ́n fọkàn tán bá sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé fi falẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ ti fojú ara rẹ̀ wò ó ná. Kánádà gba ọ̀nà mìíràn láti ọdún 2015: ẹ̀sùn dé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó tán. Kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí wọ́n yọ nǹkan kan, àfi bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ.

Ti Jámánì la fara mọ́ jù, torí ó rí ti olóhun rò. Ẹ̀sùn èké ló kù. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ yóò sanwó, ó sì ṣẹlẹ̀ rí: lọ́dún 2004, Diebold tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò san 125,000 dọ́là, torí pé ó fi ìwé ẹ̀sùn kọ́píráìtì dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tú àṣírí àléébù ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló lè fẹ̀rí hàn pé ẹ̀rọ mọ̀ọ́mọ̀ purọ́? Òfin Jámánì ò tilẹ̀ wo inú ọkàn. Bí olóhun bá ń ṣi ẹ̀sùn fi léraléra, wọ́n á dá a dúró fúngbà díẹ̀, kò ní lè fi ẹ̀sùn kankan ránṣẹ́ lọ́nà yẹn mọ́. Àwọn aṣòfin tó bá jókòó ti ìwé òfin yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìyẹn, kí wọ́n fi owó ìtanràn kún un, kí owó náà sì lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀.