Ta ló ní ẹni tí kò mọ síkì kò gbọ́dọ̀ sun òtẹ́ẹ̀lì orí òkè yìnyín?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìkómọ la lọ ní Òkè-Àdó lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣì ń retí àmàlà nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ náà ń kàwé ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó bá àwọn lọ lo ìsinmi ní òtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè Alps, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe síkì, ìyẹn eré kí èèyàn de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, kó máa fi yọ́ lórí yìnyín. Ìyá rẹ̀ ń fi fọ́tò ibẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Ni bọ̀ọ̀dá kan tó jókòó ti kúlà bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: “Ẹ má jẹ́ kó lọ o, Màmá. Àwọn tó ti mọ síkì ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, inú yàrá ló máa jókòó sí, táá máa gbọ̀n. Tó bá sì fi lè jáde, ẹsẹ̀ á kán.” Gbogbo tábìlì ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi wọ́n pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí ni?” Wọ́n ní àwọn ò débẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀?

Èmi ni mi ò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan náà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ring Road, mo ti kà á lórí WhatsApp àwọn tí a jọ jáde níléèwé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò fún èèyàn, tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Ẹni tí kò mọ síkì gan-an ló gbé òtẹ́ẹ̀lì orí òkè yìnyín ró.

Ẹ wo ibi tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1907, ní abúlé St. Anton ní Austria, Carl Schuler tó ni Hotel Post gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́, Hannes Schneider lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Iṣẹ́ tó gbà á fún ni kó máa kọ́ àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì ní síkì. Ká ní àwọn àlejò yẹn ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbẹ́rù wọlé, kí ni Schuler fẹ́ fi tíṣà ṣe? Schneider yìí ló wá ṣètò ẹ̀kọ́ náà ní ìpele ìpele, èyí tí wọ́n ń pè ní ìlànà Arlberg títí dòní: kọ́kọ́ mọ bí o ṣe máa rọra yọ́ lọ kí o sì dá ara rẹ dúró, lẹ́yìn náà kọ́ bí o ṣe máa yà sọ́tùn-ún sósì, ìgbà yẹn ni eré sísá tó kàn. Nígbà tó fi máa di 1921, ó ti dá iléèwé síkì sílẹ̀ ní St. Anton. Lónìí, ó ṣòro kí ẹ tó rí abúlé síkì kan tí kò ní iléèwé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló sì máa ń bá àlejò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé.

Òtẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ ti wà lórí òkè yẹn kí síkì tó débẹ̀. Ní St. Moritz, ní Switzerland, ìgbà ooru nìkan làwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá sọ́dọ̀ Johannes Badrutt tó ni òtẹ́ẹ̀lì Kulm. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ní 1864 ó bá mélòó kan nínú wọn ta tẹ́tẹ́: kí wọ́n padà wá nígbà yìnyín, bí ibẹ̀ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òun máa san owó ọkọ̀ wọn. Wọ́n wá ní Kérésìmesì, wọn ò lọ títí di àsìkò Àjíǹde. Síkì kò tíì di eré àlejò ní Switzerland nígbà yẹn o. Oòrùn, atẹ́gùn àti fàájì ni wọ́n bá débẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá tó ń sọ̀rọ̀ yìí máa ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó ní odò ìwẹ̀ níbí ní Ìbàdàn, wọn ò sì mọ̀wẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni lé wọn jáde rí?

Èmi alára ti sun òtẹ́ẹ̀lì orí òkè yìnyín. Ibi iṣẹ́ ló rán wa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Austria, nígbà tó parí, àwa mélòó kan dúró sẹ́yìn ní agbègbè Tyrol. Bẹẹrẹ ni wọ́n bí mi sí. Yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tó ń ró lórí páànù nígbà òjò, tí a máa ń sáré ṣà jẹ, àti èyí tó wà nínú fírísà. Nígbà tí mo ń gba yàrá, páálí ìrìnnà àti káàdì báǹkì ni wọ́n bèèrè. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo mọ síkì.

Ìsàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n ti ń yá èèyàn ní bàtà àti pátákó. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló wá bèèrè: báwo lẹ ṣe ga tó, kílò mélòó lẹ wọ̀n, ṣé ẹ ti ṣe é rí? Mo ní rárá. Kò yà á lẹ́nu, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mú súkúrúdíráfà, ó sì yí ìdè tó ń di bàtà mọ́ pátákó. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn oníròyìn ẹsẹ̀-á-kán tẹ́tí sí nìyí. Wọ́n ṣe ìdè yẹn kó lè tú fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ lọ́, kí pátákó bọ́ lọ tirẹ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ̀lé e. Ìwọ̀n èèyàn, gíga rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti bó ṣe mọ eré náà sí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa yí i dé. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, wọ́n máa ń dẹ̀ ẹ́ kó lè tètè tú. Mo ṣubú, ó tú, mo dìde.

Bàtà yẹn gan-an ni ìyà. Ike líle ni, ó ga dé ojúgun, bọ́kù bíi ti bẹ́líìtì ló kún iwájú rẹ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa wọ̀ ọ́ rìn tí kò ní máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀ sí i. Ẹni tó bá wọ méjì torí òtútù, bàtà á fún un lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa, ẹsẹ̀ ọ̀hún á sì tutù ju ti ẹlòmíì lọ.

Ilẹ̀ àwọn tó ń kọ́ wà lójúde òtẹ́ẹ̀lì, à ń wò ó láti ibi tí a ti ń jẹun àárọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n fi okùn yí i ká kí àwọn asáré má bàa já wọ ibẹ̀, bẹ́líìtì rọ́bà kan sì ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èèyàn á gùn ún pẹ̀lú pátákó lẹ́sẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, á gbé e dókè. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Nínú kíláàsì tiwa, ìyá kan láti Holland wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni tíṣà kọ́kọ́ kọ́ wa: fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, má fọwọ́ ti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí a kó imú pátákó méjèèjì pọ̀ níwájú, kí a la ìdí wọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá ṣe là á tó ni ìrìn rẹ ṣe máa falẹ̀ tó. Bí o bá là á gan-an, o dúró nìyẹn. “Pizza! Pizza!” ló ń pariwo, torí igun mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wa di. Kí oòrùn tó kàtàrí, mo ń ti òkè ilẹ̀ yẹn délẹ̀, mo sì ń dá ara mi dúró. Ẹ má rò pé mo ń fò o. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ń yà mí sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ sókè gan-an, àwọ̀ ni wọ́n fi ya ọ̀nà sọ́tọ̀. Ní Austria, búlúù ló rọrùn, pupa ló tẹ̀ lé e, dúdú ló le jù. Àwọn Faransé tún ní àwọ̀ ewé tó rọrùn ju búlúù lọ. Ẹni tó wà ní pizza, kí ló fẹ́ lọ ṣe lójú ọ̀nà dúdú?

Òtútù ńkọ́? Inú òtẹ́ẹ̀lì gbóná débi pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń sùn. Níta, ìṣubú àti ìdìde yẹn mú mi làágùn; aṣọ tín-tìn-tín mẹ́ta tí èèyàn lè máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Oòrùn lẹnìkan kì í kìlọ̀ rẹ̀ fún wa. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lè da nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jó awọ padà sójú èèyàn. Awọ dúdú náà ń jóná, ẹ pa ìpara, ẹ wọ jígí.

Ẹni tó bá sì ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan pátákó láé, ọ̀nà ìrìn wà láàárín igbó, ọmọlanke orí yìnyín tí wọ́n ń jókòó sí sọ̀ kalẹ̀ wà, ilé ooru tí wọ́n ń pè ní sauna, níbi tí èèyàn ti ń jókòó làágùn, náà wà. (Ní Austria, ìhòòhò ni tọkùnrin tobìnrin ń wọ ilé ooru yẹn pọ̀. Mo yọjú wò ó, mo pa ìlẹ̀kùn dé.)

Ti “eré oyinbo ni, kì í ṣe tiwa”, mi ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Lamine Guèye gbé àsíá Senegal lọ síkì ní Òlíńpíìkì Sarajevo ní 1984. Kwame Nkrumah-Acheampong dàgbà ní Gánà. Ó ti di géńdé, ó ń ṣiṣẹ́ agbàlejò níbi síkì abẹ́ òrùlé kan ní Milton Keynes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó kọ́ ọ, ó sì ṣojú Gánà ní Vancouver ní 2010. Lesotho ní òkè síkì, Morocco náà ní in. Ó tó.

Mo gbà pé ẹni tó ń kọ́ máa ń fara pa ju ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lọ, orúnkún ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ ra ìǹṣọ́ránsì tó dárúkọ síkì, torí ọ̀pọ̀ ti ìrìn àjò lásán kì í kà á mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé owó ni bọ̀ọ̀dá yẹn sọ, ǹ bá dákẹ́, torí owó rẹ̀ ń ta èèyàn lára. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo òkè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tíkẹ́ẹ̀tì kékeré wà fún ilẹ̀ àwọn tó ń kọ́. Níbòmíì, ọ̀fẹ́ ni bẹ́líìtì yẹn.

Ohun tó yẹ kí èèyàn bi òtẹ́ẹ̀lì kó tó sanwó nìyí: báwo ni ilẹ̀ àwọn tó ń kọ́ ṣe jìnnà tó? Ní àwọn abúlé kan, òkè lókè ló wà, ọkọ̀ orí wáyà ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé èèyàn lè wọ ọkọ̀ náà padà wálẹ̀, àbí síkì ló máa fi sọ̀ kalẹ̀? Ṣé wọ́n ń yá bàtà nínú ilé? Ọjọ́ wo ni kíláàsì tuntun ń bẹ̀rẹ̀? Bí wọ́n bá ní ọjọ́ Ajé, má dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.