Ẹ Lẹ Orúkọ Yín Mọ́ Àpótí Lẹ́tà Kí Ẹ Tó Ra Ìkòkò

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kó bọ̀ wá sí Berlin, èrò ọkàn mi rèé. Òtútù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dẹ́rù bà yín, wọ́n á tún ní àwọn ará Jámánì kì í kí ènìyàn. Ti òtútù, ẹ ó ra kóòtù. Ti kíkí, kò rí bẹ́ẹ̀ tán: bí ẹ bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ẹ̀yin tí ẹ wọlé lẹ máa kí àwọn tẹ́ ẹ bá níbẹ̀, wọ́n á sì dá yín lóhùn. Ohun tó ń fojú àwọn ènìyàn wa rí màbo ni ìwé.

Nílé, ẹnu la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Láńlọ́ọ̀dù á kanlẹ̀kùn, aládùúgbò á ní "ẹ ò tíì san owó báyìí o." Ní Jámánì, lẹ́tà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Àdírẹ́sì wọn kì í sábà ní nọ́ńbà fúláàtì, bí ìdílé inú ilé náà ti wù kó pọ̀ tó. Orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, kóòdù oníye 5 àti ìlú, ó parí. Orúkọ ara àpótí ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Bí kò bá rí tiyín, á dá lẹ́tà padà síbi tó ti wá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ gan-an, ẹ kọ orúkọ ìdílé yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí àti aago ẹnu ọ̀nà. Ẹ má gé orúkọ kúrú. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bá ẹlòmíràn gbé, tí orúkọ yín kò sí lára àpótí, ẹ fi "c/o" àti orúkọ onítọ̀hún sábẹ́ orúkọ yín nínú àdírẹ́sì.

Lẹ́yìn èyí ni Anmeldung, ìyẹn fíforúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láàrin ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ bá kó wọlé ni òfin ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìwé àwọn ará ìlú. Ibi tí wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ni pé ìwé àdéhùn ilé nìkan ni wọ́n mú lọ. Kò tó. Wohnungsgeberbestätigung ni wọ́n ń béèrè, ìwé tí onílé buwọ́ lù pé lóòótọ́ lẹ ti kó wọlé. Àyè láti rí wọn máa ń ṣọ̀wọ́n, àmọ́ Bürgeramt yòówù ní Berlin ló lè ṣe é, kò di dandan kó jẹ́ ti àdúgbò yín.

Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ ni nọ́ńbà owó orí oníye 11 ń bọ̀, inú àpótí yẹn náà ló sì ń bọ̀ sí. Bí kò bá dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́, ìsọ̀rí 6, tí owó orí rẹ̀ ga jù, ni wọ́n lè fi yín sí. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí owó tí ènìyàn fi òógùn wá ni, bébà pélébé kan ni ì bá sì gbà á là.

Owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà ń bọ̀ níbẹ̀, yúrò 18.36 lóṣù láti 2021, ẹ ní tẹlifíṣọ̀n o, ẹ ò ní o. Ilé kan, owó kan ni: bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá ti ń san án, ẹ fi nọ́ńbà tó fi ń san owó náà fèsì sí lẹ́tà wọn.

Èyí tó yẹ kó máa já yín láyà ni àpò lẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí ilé ẹjọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba fi ń fi ìwé pàtàkì ránṣẹ́. Wọ́n ti kọ ọjọ́ tí wọ́n jù ú sínú àpótí sára rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n ti ń ka iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fèsì, ẹ wà nílé o, ẹ rìnrìn àjò o. Tó bá jẹ́ ìwé owó ìtanràn, ọ̀sẹ̀ 2 péré lẹ ní láti kọ̀wé ta kò ó. Ẹ má sọ àpò náà nù, òun ni ẹ̀rí ọjọ́ yín. Bí ẹ bá sì ń lọ sílé fún Kérésì, ẹ fún ẹni tó gbọ́ èdè Jámánì ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, kó máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa ya fọ́tò ìwé àti àpò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lójú ẹsẹ̀.