Ta Ló Sọ fún Yín Pé Ọmọ Ooru Ni Mí?

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Mo pè wọ́n ní Ìbàdàn pé iṣẹ́ tuntun ń gbé mi kúrò ní Winnipeg ní Kánádà lọ sí Dubai, ni wọ́n bá pariwo bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n. "Olúwa ṣeun! O bọ́ lọ́wọ́ òtútù aláìláàánú yẹn. Ooru kẹ̀? Ooru tí mo bí ọ sí ni. Ilé lò ń padà sí."

Ọ̀gá mi ní Winnipeg sọ ọ́. Kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà lórí máàpù, ṣùgbọ́n ó mọ̀ dájú pé ooru ò lè mú mi. Ọmọ Íńdíà tó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú náà sọ ọ́: "Ẹ̀yin èèyàn yín, ooru ò ṣe yín ní nǹkan kan." Ó wá sórí ètè mi kí n bi í pé àwọn èèyàn tirẹ̀ ńkọ́, ṣùgbọ́n àpótí mi wà nínú bùútù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní Winnipeg. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1879, òtútù ìlú yẹn wọ 47.8 Celsius sísàlẹ̀ òdo. Lọ́dún 1879, kò sí iná mọ̀nàmọ́ná, kò sí nǹkan kan! Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ni wọ́n dúró ṣe? Ká ní baba ńlá tèmi ni, kò ní jẹ ìrẹsì Kérésì ọjọ́ kejì níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀ ni kí n máa tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, àwọn tó ń lo gáàsì. Ẹ̀rọ yẹn kì í bàjẹ́ lọ́sàn-án o. Aago méjì òru ló máa ń kú, lóru ọjọ́ tí òtútù bá wọ 40 sísàlẹ̀ òdo. Ibi 40 yìí ni òṣùwọ̀n Kánádà àti ti Amẹ́ríkà ti pàdé: ẹ fi Celsius wọ̀n ọ́n, 40 ni, ẹ fi Fahrenheit wọ̀n ọ́n, 40 náà ni. Òtútù yẹn le débi pé àwọn òyìnbó tí kì í fohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n fẹnu kò.

Bí mo bá ti jáde, irun imú mi á gan. Sípánà, inú ẹ̀wù níbi àyà ni mo ń kó o sí kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí irin tó bá sun inú ọkọ̀ mọ́jú, tí ọwọ́ lásán bá kàn án, á fẹ́ gba awọ lọ́wọ́ ẹni. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wáyà la fi ń so ó mọ́ná lálẹ́ bí ẹni so ewúrẹ́, kí ẹ́ńjìnnì má bàa tutù kọjá ohun tó lè jí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rí wáyà tó yọ ní imú ọkọ̀ gbogbo ará àdúgbò, mo ní, haà, ayé ti lajú, ọkọ̀ oníná ni gbogbo wọn ń wà! Ìrìn gan-an, wọ́n tún un kọ́ mi. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá di yìnyín, kí n máa rìn bí ẹyẹ penguin, ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́, apá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí n má ṣubú. Ọmọ ọkùnrin Ìbàdàn, baba ìbejì, ni mò ń rìn bí ẹyẹ lọ síbi iṣẹ́.

Ara mi ti di ọmọ Kánádà tipẹ́ kí wọ́n tó fún mi ní ìwé. Òun ni kò yé ìyá mi.

Iléeṣẹ́ kan ní Dubai wá ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ilé gbóná, kò ṣòro fún un láti mú un tutù, mo sì níwèé ẹ̀rí méjèèjì. Wọn kì í yọ owó orí nínú owó oṣù níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ka ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọjọ́ wo lẹ ń lọ?" Kò bi mí bóyá mò ń lọ.

Oṣù Keje ni wọ́n ní kí n wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, oṣù Keje! Oṣù mẹ́wàá ni Winnipeg fi ń jẹ wá níyà, oṣù Keje ló fi ń bẹ̀ wá. Oòrùn á ràn jẹ́jẹ́, á kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọ̀, àwọn èèyàn á jókòó sẹ́yìnkùlé máa yan ẹran. Bí kì í bá ṣe ẹ̀fọn, ọ̀run ni. Ìgbà yẹn gan-an ni mo di ẹrù. Dubai náà, bí oṣù Kejìlá bá dé, ṣe ni gbogbo èèyàn ń gbáfẹ́ níta. Oṣù Keje ló fi ń yan ọmọ aráyé. Èmi nìkan ni mo fi oṣù dáadáa ibì kan ra oṣù burúkú ibòmíràn.

Kóòtù mi tún wà níbẹ̀, kóòtù òtútù tó ki bíi tìmùtìmù. Ìyá Ìbejì ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní rárá, kóòtù tó ti gbà mí lọ́wọ́ ikú, n ò lè pa á tì. Àpótí mi sì wúwo jù ní pápákọ̀, ni mo bá yọ kóòtù jáde, mo fi kọ́ apá. Bí mo ṣe wọ Dubai nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lu ìwé ìrìnnà mi wo kóòtù, ó wò mí, ó tún wo kóòtù. Kò sọ nǹkan kan.

Ilẹ̀kùn pápákọ̀ ṣí, ooru gbá mi lójú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sí ìbàdí, níbi tí mò ń fi irinṣẹ́ kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án, bí irú ooru yẹn bá fẹ́ sí mi, á jẹ́ pé ẹnì kan gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ní ṣíṣí, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ lọ tì í. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ìgbà náà ni awò ojú mi fọ́jú. Ní Winnipeg, bí mo bá wọlé láti ìta ni ìkùukùu ń bo awò mi. Ní Dubai, bí mo bá jáde síta ni. Èmi, kóòtù, àpótí méjì, a dúró sójú kan bí afọ́jú tí ọmọ tó ń mú un lọ́wọ́ sá lọ.

Ilé tí wọ́n fún mi dára. Mo ní kí n fi omi tútù san ara. Mo bọ́ṣọ, mo dúró sábẹ́ ọ̀pá omi, mo yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù sàmì sí. Omi tó já lé mi lẹ́yìn, ẹ lè fi rin ẹ̀bà. Mo fò jáde. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, búlúù náà ló ń hó. Mo lọ́ táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí, mo lọ kan ilẹ̀kùn Alhaji tó wà lódìkejì, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ti pẹ́ níbẹ̀.

"Alhaji, ẹ gbà mí, omi tútù ń jó mi."

Wọ́n wo táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n rín tiwọn. "Àbúrò, ṣebí wọ́n ní ẹ̀rọ lo mọ̀. Níbo ni táǹkì omi wà?"

"Orí òrùlé ni, sà."

"Kí ló wà lórí òrùlé pẹ̀lú rẹ̀?"

Mo dákẹ́. Oòrùn ni.

"Omi búlúù, oòrùn ti sè é. Lọ pa hítà rẹ. Omi tó wà nínú hítà, inú ilé ló wà, abẹ́ AC. Bó bá sùn síbẹ̀, á tutù. Ẹ̀rọ pupa ni kí o máa ṣí títí ooru á fi lọ."

Ẹ̀yin ará, mo pa hítà, mo dúró títí di alẹ́, mo ṣí pupa. Omi tútù. N ò tíì bọ́ nínú ìtìjú yẹn. Ìwé ẹ̀rí méjì!

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ AC kì í ṣẹ̀dá òtútù, bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ó ń tàn yín ni. Ṣe ló ń kó ooru inú yàrá dà síta. Apá kan rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń fa ooru. Apá kejì wà lórí òrùlé, ó ń tú u dànù. Ta ló wà lórí òrùlé? Èmi ni. Gbogbo ooru tí àwọn olówó ò fẹ́ nínú pálọ̀ wọn, orí mi ni wọ́n ń dà á sí, èmi ni mo tún ń tún ẹ̀rọ ṣe kó lè dà á dáadáa. Sípánà tí mo ń fi àyà mú móoru ní Winnipeg, inú kúlà omi dídì ni mo ń kó o sí níbí, bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ á bó.

Òfin wà ṣá, mo kí wọn fún un: láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, wọn kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láàárín aago 12:30 sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní 12:29, ẹ máa rí mi lórí àkàbà, mò ń sọ̀ kalẹ̀.

Níbo ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ? Ọ́fíìsì. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Nínú ọ́fíìsì yẹn, AC wà ní 16, obìnrin tó wà lórí tábìlì àkọ́kọ́ ró aṣọ ìbora mọ́ra, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ súwẹ́tà méjì, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan rìmóòtù. Ní Winnipeg, bí ìta bá di omi dídì, síńgílẹ́ẹ̀tì la ń wọ̀ nínú ilé. N kò mọ òtútù nínú ilé rí láyé mi àfi ní ilẹ̀ aṣálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, imú mi ń ṣomi, mo ń wúkọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé kóòtù wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni obìnrin aṣọ ìbora yẹn sún mọ́ mi, ó rọra bi mí iye tí mo rà á.

Mo pe ìyá mi kí wọ́n bá mi kẹ́dùn. Mo ní ooru Ìbàdàn, abẹ́ igi wà, afẹ́fẹ́ wà, bílẹ̀ bá ṣú ara á rọ̀. Tibí yìí, òru rẹ̀ ló tún gbóná ju ọ̀sán wa lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Abẹ́ kí lo jókòó sí báyìí?" Mo ní AC, mà. Wọ́n ní, "Iná tiwa ti lọ láti ìjẹta. Mo ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara mi. Ó dàárọ̀ o."

Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ wá lóṣù Kejìlá, nígbà ìsinmi ilé ìwé. Ìlú ti rọjú, oòrùn ti di èèyàn. Mo ti ṣètò etí òkun, mo ti ṣètò ọjà wúrà. Àwọn ìbejì ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n ti rí i lórí fóònù pé Ski Dubai wà nínú Mall of the Emirates, ilé ńlá tí wọ́n da yìnyín kún inú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìjẹta lẹ kúrò nínú yìnyín! Yìnyín wà lẹ́nu ọ̀nà yín lọ́fẹ̀ẹ́!" Ìyá wọn ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣeré.

Mo sanwó kí ọmọ Winnipeg lè rí yìnyín. Wọ́n fún wa ní kóòtù nínú owó náà. Mo ní mo gbé tèmi wá. Ọmọbìnrin tó ń mú wa wọlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi àwọn ìbejì bóyá wọ́n ti rí yìnyín rí. Àwọn méjèèjì mirí pẹ̀lú ojú tútù pé rárá. Ó di ọwọ́ wọn mú, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bíi pé wọ́n máa ṣubú. Mo wo ìyá wọn. Ó ní kí n má wo òun.

Inú mi ló sì tutù, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Irun imú mi ò tíì gan, ṣùgbọ́n ó rántí. Mo dúró sínú yìnyín bí ẹni tó dé ilé bàbá rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n ní ká sún sẹ́yìn, àwọn ẹyẹ penguin ń kọjá. Wọ́n tò jáde, ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́, apá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí mo ṣe máa ń rìn lọ síbi iṣẹ́ gẹ́lẹ́. Èyí tó kẹ́yìn dúró níwájú mi, ó wo kóòtù mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun náà, ibi tó tutù ni ìran rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ ló gbé e dé ìlú ooru, abẹ́ AC ló ń gbé.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n pè é, ó yára tẹ̀ lé àwọn tó kù.