Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣí nínú ìwé álíjẹ́brà

Bí wọ́n bá gbé ìwé álíjẹ́brà fún mi pé kí n wò ó bóyá ó dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, n kì í wo èèpo rẹ̀, n kì í ka iye ojú ìwé rẹ̀. Tààrà ni mo máa ń ṣí i sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yanjú ìdọ́gba bíi 2x + 3 = 11. Ohun tí òǹkọ̀wé bá sọ nípa 3 yẹn ni mo fi ń mọ irú ìwé tó jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé á sọ pé: "Gbé 3 kọjá sí òdìkejì, kí o yí àmì rẹ̀ padà." Ó tán. Wọn ò sọ ìdí. Ọmọ á ṣe bí wọ́n ṣe wí, á rí 2x = 8, inú tíṣà á dùn. Ẹ dúró dè é ní ìlà tó kàn. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì: wọ́n á gbé 2 náà kọjá, wọ́n á yí àmì tiẹ̀ náà padà, wọ́n á kọ x = 8 − 2, wọ́n á ní 6. Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe olódo rárá. Òfin tí ìwé fún wọn ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á jẹ́ kó yé ọmọ pé 3 kò rìn lọ síbì kankan. A yọ 3 lápá òsì, a yọ 3 lápá ọ̀tún, kí apá méjèèjì lè ṣì dọ́gba. Lẹ́yìn náà a fi 2 pín apá méjèèjì, x di 4. Á tún ní kí ọmọ fi 4 sípò x kó wò ó: 2 lọ́nà 4 jẹ́ 8, a fi 3 kún un, ó di 11. Ẹni tó bá fi 6 síbẹ̀ á bá 15 pàdé, á sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ti ṣìnà, láìdúró de tíṣà. Ìwé tí kò bá kọ́ ọmọ ní àyẹ̀wò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò gbà á.

Ohun tó ń dùn mí ni pé inú orúkọ ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni àlàyé náà wà. "Al-jabr" tí al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, fi sórí ìwé tó kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820 túmọ̀ sí dídá nǹkan padà sípò: bí wọ́n bá yọ nǹkan kúrò ní apá kan, a ó fi nǹkan náà kún apá méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò sí x, kò sí =. Ìwé Robert Recorde, onímọ̀ ìṣirò ará Wales, ti ọdún 1557 ni = ti kọ́kọ́ jáde, ìlà méjì tó gùn bákan náà, nítorí ó ní kò sí ohun méjì tó lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ ọmọ, ohun tí = ń sọ ni "mú ìdáhùn wá". Ẹ fún wọn ní 8 + 4 = ☐ + 5, kí ẹ wo iye ọmọ tó máa kọ 12 sínú àpótí náà. 7 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Lẹ́tà ńkọ́? Ìwé tó bá sọ pé b dúró fún bírò ti ba nǹkan jẹ́. Nọ́ńbà ni lẹ́tà ń dúró fún: iye bírò, tàbí owó bírò kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 6 bá wà fún tíṣà kan, ọmọ tó ń ka A sí "akẹ́kọ̀ọ́", tó ń ka T sí "tíṣà", á kọ 6A = T láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní tíṣà jẹ́ 10, akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 60. Ṣé 360 wá dọ́gba pẹ̀lú 10 ni? A = 6T ló tọ̀nà.

Ní ti ìbéèrè fún ìdánrawò, pípọ̀ kọ́ ló ń mú un dára. Ìbéèrè 40 tó jọra gẹ́lẹ́, ọwọ́ nìkan ló ń yá níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ohun tí ọmọ kọ́ ní orí kejì tún yọjú sí i ní orí karùn-ún.

Èyí tí mi ò lè fojú fò ni ìdáhùn tó ṣì ní ẹ̀yìn ìwé. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ tó tọ̀nà rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ìwé ní −5, òun sì ń rí 5. Ó sunkún. Ìwé ló ṣì. Látìgbà yẹn, kí n tó fún ọmọ kankan ní ìwé, mo máa ń ṣe ìbéèrè 20 níbẹ̀ fúnra mi, kí n fi wé ohun tó wà lẹ́yìn ìwé. Bí 2 bá ṣì nínú 20 yẹn, mo ti dá ìwé náà padà.