Tẹ́ ẹ bá dọ́bù táǹkì, omi ẹ̀ ò ní dọ́bù o!

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń bá ọmọ ṣe àṣetiléwá ní Abẹ́òkúta yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Tí wọ́n bá ní táǹkì kan jẹ́ 50 cm ní gígùn, ní fífẹ̀, ní gíga, tí èkejì wá jẹ́ mítà 1 ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní omi ìlọ́po méjì ni èkejì máa gbà. Àtọmọ púráímárì fáìfù àti dádì ẹ̀ tó ka yunifásítì, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Irọ́ ni!

Ẹ ṣe é wò. 50 lọ́nà 50 lọ́nà 50 jẹ́ 125,000, lítà 1 sì jẹ́ 1,000 cm³, torí náà lítà 125 ni táǹkì kékeré, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà márùn-ún. Ti mítà ńkọ́? 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100 ti di mílíọ̀nù kan, lítà 1,000, kẹ́ẹ̀gì ogójì! Ẹni tó bá lọ sọ fún mẹ́ruwà ní Lafẹ́nwá pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá wá torí ó ti dọ́bù márùn-ún, 25 cm péré lomi yẹn máa dé nínú táǹkì, kò tó orúnkún àgbàlagbà.

Kí ló fà á? Ẹ mú ṣúgà kúùbù, ẹ to méjì ní gígùn, ẹ to méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mẹ́rin nìyẹn, kò sì tíì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi tẹ́ ẹ bá to mẹ́rin mìíràn lé e lórí. Mẹ́jọ! Àṣìṣe kan náà ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ pé m³ 1 jẹ́ 100 cm³, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan ni (ìyẹn máa ń dùn mí jù).

Tó bá jẹ́ gíga nìkan lẹ dọ́bù, bẹ́ẹ̀ ni, omi ẹ̀ á dọ́bù, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga yìí náà ń tan èèyàn o. Ká ní aláró kan ní Ìtòkú ní dúrọ́ọ̀mù méjì, ọ̀kan ga ní 80 cm, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní 40 cm, èkejì ga ní 40 cm, ó fẹ̀ ní 80 cm. Ẹ bi ọmọ yín pé èwo ló ń gba omi jù, èyí tó ga ló máa mú. Bẹ́ẹ̀ èyí tó ga ò gbà ju bíi lítà 100 lọ, kúkúrú yẹn ń gba bíi 201, torí fífẹ̀ ń wọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, gíga ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.